Bí Àwẹ̀ró Ṣe Gbin Ẹ̀fọ́ Láì Fi Ọkọ́ Ro Ilẹ̀

— Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

— Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé ohùn mi lọ. Àlọ́ mi gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, ó tẹ koríko mọ́lẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Àwẹ̀ró.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ekòló ṣì ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, opó kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ó ní ọmọbìnrin méjì, Ìbídùn ni àgbà. Ọwọ́ ọ̀tún Àwẹ̀ró ti rọ láti ọjọ́ tó ti ṣubú lórí àpáta odò, kò sì lè roko mọ́.

Ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ wà lẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ náà le bí eyín. Koríko ti gbà á kanlẹ̀.

Ni Àkànmú, àbúrò ọkọ rẹ̀, bá lọ bá Baálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹni tí kò lè roko, kí ló fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe? Ẹ gbà á fún mi."

Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe Àwẹ̀ró. "Oṣù mẹ́ta ni mo fún ọ. Bí ilẹ̀ yẹn kò bá hu ohun tí ènìyàn lè jẹ, Àkànmú ni yóò gbà á."

— Hàà! Ìkà ni Àkànmú!

— Ẹ má tíì bú u. Ẹ jẹ́ n sọ tán.

Àwẹ̀ró délé, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọkọ́. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, gbàù! Ọkọ́ ta padà. Ó tún sọ ọ́, gbàù! Ọkọ́ ta padà. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ohùn kan ké láti ìsàlẹ̀:

"Yéè! Ta ló fẹ́ gé mi sí méjì?"

Ekòló ni. Ó yọrí jáde, ó ń gbọn yẹ̀pẹ̀ lára.

"Ekòló, má bínú," ni Àwẹ̀ró wí. "Bí n kò bá ro ilẹ̀ yìí, wọn á gbà á lọ́wọ́ mi."

Ekòló wo ojú rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó bú sórin. Ẹ bá mi gbè é:

Ta ló ń roko nínú ẹgàn?
— Jẹ́jẹ́ nilẹ̀!
Ta ló kọ ebè fún ìrókò?
— Jẹ́jẹ́ nilẹ̀!
Ewé ló bọ́, tí ilẹ̀ jẹ yó.
— Jẹ́jẹ́ nilẹ̀!

Ekòló ní, "Bo ilẹ̀ fún mi, kó tutù, kó ṣókùnkùn. Gbé oúnjẹ lé e. Èmi àti ará ilé mi la ó bá ọ ro ó láti ìsàlẹ̀."

Lójú ẹsẹ̀, Àwẹ̀ró àti àwọn ọmọ rẹ̀ tẹ koríko mọ́lẹ̀, wọ́n tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lé e. Ọjọ́ mẹ́wàá kò tíì pé tí koríko fi gún ewé náà lu.

Ekòló bú sẹ́rìn-ín. "Ewé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ báyìí? Ṣé aṣọ kan lásán ni ìwọ fi ń bora nígbà ọyẹ́?"

Àwẹ̀ró tún bẹ̀rẹ̀. Ewé lórí ewé, títí ó fi mu wọ́n dé kókósẹ̀. Wọ́n bomi rin ín. Wọ́n da ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti èèpo iṣu lé e, wọ́n fi koríko gbígbẹ bò ó. Ilẹ̀ mọ́, adìyẹ ti tú gbogbo rẹ̀ ká!

"Adìyẹ, kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Àwẹ̀ró, ẹsẹ̀ mi yìí ni kì í gbọ́ràn."

— Ẹ̀ẹ́yà! Kí ló wá ṣe?

— Àwẹ̀ró kó o jọ padà ni! Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò ń kọjá, wọ́n ń sọ pé, "Àwẹ̀ró ti sọ ẹ̀yìnkùlé di ààtàn." Àkànmú ní, "Ẹ wá wo ẹni tó ń tẹ́ ẹní fún koríko!" Ó dun Àwẹ̀ró wọra. Ó nu ojú rẹ̀ nù, ó tún ru agbọ̀n.

Lẹ́yìn oṣù kan àtààbọ̀, ó ṣí ewé wò. Koríko ti jẹrà. Ilẹ̀ dúdú, ó rọ̀, ekòló pọ̀ nínú rẹ̀ lọ súà. Ó bu erùpẹ̀ ààtàn àtijọ́ lé e, ó fọ́n tẹ̀tẹ̀, ó fọ́n ṣọkọ. Bí wọ́n ṣe ń hù, ó ń kó koríko gbígbẹ yí ìdí wọn ká.

Ni òjò bá dá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Ebè ńláńlá Àkànmú sán, ẹ̀fọ́ inú rẹ̀ gbẹ. Ti Àwẹ̀ró, ìsàlẹ̀ ewé ṣì tutù.

Ọjọ́ pé. Baálẹ̀ dé pẹ̀lú ará ìlú. Tẹ̀tẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Àkànmú kò gbà.

"Ewé ló fi bo àṣírí! Ìsàlẹ̀ ṣì le!"

Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó fi gbogbo agbára gún ilẹ̀. Ọ̀pá wọlé ṣìì! Àkànmú tẹ̀ lé e, ó fi ojú bọ inú tẹ̀tẹ̀.

— Yéè! Ó dáa bẹ́ẹ̀!

— Baálẹ̀ pàápàá kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ó ní, "Ilẹ̀ Àwẹ̀ró ni. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a du ú mọ́."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Àkànmú dé, ó ká fìlà sọ́wọ́.

"Ìyá Ìbídùn, mo jẹ̀bi. Nǹkan tí mo gbìn ti gbẹ tán, ebi ń pa àwọn ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi."

Àwẹ̀ró bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ó já tẹ̀tẹ̀ kún igbá, ó gbé e fún un.

"Ọkọ mi, ẹ kọ́kọ́ gbé èyí fún àwọn ọmọ. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ ru ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání. Ẹ̀bá ilé yín la ó ti bẹ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó, kó wá ọgbọ́n, kó má sì jẹ́ kí ó sú òun. Ẹ bo ilẹ̀, ilẹ̀ á bọ́ yín.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí ètè mi lẹ̀ mọ́ra bí ọbẹ̀ ilá àná. Ó lẹ̀ àbí kò lẹ̀?

— Kò lẹ̀ o!