Ọjọ́ Tí Mánẹ́jà Gba Fóònù Fẹ́hìntọlá

Báǹkì tún áàpù rẹ̀ ṣe, fóònù tó máa ń kàwé sétí Fẹ́hìntọlá, tí kò ríran, kò sì rí nǹkan kà mọ́ ju “bọ́tìnnì, bọ́tìnnì” lọ, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ ń retí owó oògùn. Nígbà tí Fẹ́hìntọlá lọ fẹjọ́ sùn ní báǹkì, mánẹ́jà ní, “Ọmọdé gan-an ń lò ó!” Fẹ́hìntọlá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ṣí àkáǹtì tiyín lórí fóònù mi kí n kọ́ ọ.” Mánẹ́jà gbà á, ojú fóònù ṣú dùdù. “Iná ẹ̀ dà?” “Mo pa á ni, sà. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?” Àwọn oníbàárà bú sẹ́rìn-ín. Mánẹ́jà ń tá ràrà, fóònù ń ké “bọ́tìnnì,” ó ń ṣì í tẹ̀ títí báǹkì fi ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ó sáré lọ sídìí tábìlì ẹ̀sùn. Fẹ́hìntọlá ti fi ọ̀pá tọ ọ̀nà débẹ̀: “Ẹ tò sẹ́yìn mi, sà.”