Igi Kan, Ògúnná Kan

Mo gbé àlọ́ dé o!

— Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ká gbọ́!

Ṣé ẹ ti jókòó?

— A ti jókòó, a ti kásẹ̀ sábẹ́!

Àlọ́ mi gbéra, ó fò pẹ̀rẹ̀. Kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé. Orí Àkùkọ ló bà lé. Ó tún gbéra níbẹ̀, ó bà lé Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ tó ń gbé ìparí ìlú.

Ní ayé àtijọ́, ìlú àwọn ẹran ọ̀sìn kún. Ó kún títí àyè ìtẹ́ fi tán. Àwọn kan bá dìde, wọ́n lọ tẹ abà dó sẹ́yìn odi ìlú. Etí-Oko ni wọ́n sọ abà náà.

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ló kọ́kọ́ débẹ̀. Igbó ló bá, ẹrẹ̀ ló bá, kò bá ẹnìkan. Ó dá iná kan. Ẹtù abìyẹ́ tótòtó rí èéfín, ó tẹ̀ lé e wá. Tòlótòló rí èéfín, ó tẹ̀ lé e wá. Àkùkọ náà wá. Ó kéré nígbà náà, kò tí ì hu ogbe. Ewúrẹ́ náà wá, ẹ má bi mí pé ta ló pè é. Ewúrẹ́ kì í dúró kí wọ́n pe òun.

Abà di ìletò. Ìletò ń dàgbà.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ẹni tó bá fẹ́ dáná láàárọ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ni yóò ti lọ bu iná. Kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Igi ìdáná kan ni yóò mú lọ, ògúnná kan ni yóò mú bọ̀. Igi kan, ògúnná kan. Ìdí nìyí tí iná Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ kò fi kú rí. Ìyá náà kò ṣẹ́gi rí. Àwọn tó ń bu iná ló ń bọ́ iná.

Bí wọ́n bá sì dé, wọn kì í yára lọ.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

"A dúpẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ tó wú lánàá ńkọ́?"

"Ó ti ń fà, Ìyá."

Bí ìyá náà bá ń sàba, ẹnìkan yóò bá a jókòó lórí ẹyin, kí ó lè sáré lọ mumi lódò.

Nígbà tó yá, ilé pọ̀. Wọ́n ní àwọn ń fẹ́ olórí. Wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bọ́ sójú agbo, kó wá sọ ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe fún ìlú. Àwọn méjì ló bọ́ síta, Tòlótòló àti Àkùkọ.

Tòlótòló fẹ ìyẹ́. Ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Bí mo bá jẹ olórí, n ó kọ́ ààfin ńlá sí Etí-Oko."

Ewúrẹ́ ní, "Ta ni yóò máa gbé inú ẹ̀?"

Tòlótòló ní, "Èmi náà ni."

Ẹ̀rín sọ. Tòlótòló ká ìyẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó jókòó.

Àkùkọ ní tirẹ̀ ti kọ́kọ́ rìn. Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, ó ti lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń béèrè pé, "Kí ló ń ni yín lára ní Etí-Oko?" Ẹtù ní odò jìnnà. Tòlótòló ní Ewúrẹ́ kò jẹ́ kí ọkà òun gbó. Ewúrẹ́ ní bí ọyẹ́ bá mú, kí òun tó rìn dé ìdí iná, imú òun á ti dì. Ojúlé Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ nìkan ni Àkùkọ kò yà. Ó ní, "Ìyá mi nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ bi í tí n kò mọ̀?"

Ó gun orí òkìtì. Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, ohun mẹ́ta ni mo gbé dání. Èkíní, kànga yóò wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. A ò ní rin ìrìn odò mọ́."

Wọ́n ní, "Ó dáa!"

"Èkejì, ògiri yóò yí ojúlé kọ̀ọ̀kan ká. Ẹnìkan ò ní jẹ ọkà ọlọ́kà mọ́."

Wọ́n ní, "Ó dáa!" Ewúrẹ́ nìkan ló ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀kẹta, ààrò yóò wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan. A ò ní tọrọ iná mọ́."

Ewúrẹ́ pàápàá fò sókè.

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ na ọrùn. Nígbà náà, ohùn ń bẹ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ń dún ketekete bí agogo. Àjàgbé ló máa ń pe Àkùkọ láti kékeré.

"Àjàgbé, ọmọ mi, jẹ́ kí n bi ọ́."

"Ẹ máa wí, Ìyá."

"Bí ẹnìkan ò bá wá bu iná mọ́, kí ni wọn yóò máa wá ṣe lọ́dọ̀ mi?"

Ewúrẹ́ ní, "Ẹ gbọ́ o! Ìyá fẹ́ kí ọyẹ́ pa wá nítorí kí wọ́n lè rí àlejò!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Àkùkọ kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ohùn tútù sọ̀rọ̀. "Ìyá, ẹ ó sinmi ni. Ariwo wa ti pọ̀ jù fún yín."

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ní, "Ó dáa."

Wọ́n ní kí oníkálukú tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́. Ẹ̀yìn Tòlótòló, kò sẹ́nìkan. Ìlà ẹ̀yìn Àkùkọ gùn títí dé etí igbó. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ wo ìlà náà. Ó rọra rìn, ó lọ dúró sí ìparí rẹ̀. Ẹ̀yìn Àkùkọ lòun náà tò sí. Ọmọ tó fún níná ni.

Àkùkọ kò purọ́. Ohun tó wí ló ṣe. Wọ́n fi ọ̀wẹ̀ gbẹ́ kànga. Wọ́n fi ọ̀wẹ̀ mọ ògiri. Wọ́n fi ọ̀wẹ̀ mọ ààrò. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń da ẹrẹ̀ síra wọn lára. Wọ́n bu iná lọ́dọ̀ Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n pín in ká gbogbo ààrò. Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí ni ọ̀wẹ̀ parí. Oníkálukú wọlé rẹ̀, ó pa ìlẹ̀kùn dé.

Ọyẹ́ dé. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ yé ẹyin, ó sàba lé wọn. Ó ti darúgbó. Ó mọ̀ pé ẹyin ìkẹyìn òun nìyẹn.

Lọ́jọ́ kìíní, ó fetí sílẹ̀ láàárọ̀. Kò gbọ́ ẹsẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ń bọ̀." Lọ́jọ́ kejì, ó fetí sílẹ̀. Kò gbọ́ ẹsẹ̀. Ó ní, "Bóyá oorun ló gbé wọn lọ." Ó ti ìdí igi tó ṣẹ́kù sínú iná. Lọ́jọ́ kẹta, kò sí igi mọ́. Iná kú.

Kànga ń bẹ lágbàlá. Ó ń wo ẹnu rẹ̀ láti orí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá dìde, ọyẹ́ yóò wọ ara ẹyin. Kò dìde. Orin ló fi ń pè. Ẹ bá mi gbè é, "iná ti kú" ni tiyín:

Ẹtù o, aládùúgbò mi,
— Iná ti kú.
Àjàgbé tí mo fún níná,
— Iná ti kú.
Òǹgbẹ ń gbẹ mí létí omi,
— Iná ti kú.
Ẹyin ń tutù lábẹ́ mi,
— Iná ti kú.
Ẹ̀yin ará, ẹ yà wá o,
— Iná ti kú.

Orin náà lọ bá ògiri, ó padà wá bá a. Ẹtù gbọ́ nǹkan fẹ́rẹ́. Ó ní, "Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ni."

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn rẹ̀ ti ha. Tòlótòló gbọ́ nǹkan fẹ́rẹ́. Ó ní, "Ìlẹ̀kùn ta ló ń han báyìí?"

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹnìkan ò gbọ́ nǹkan kan. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ já.

Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná, ká lọ sílé Àkùkọ.

Ilé rẹ̀ ló tóbi jù, òun ni olórí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ògiri ti parí, ẹnìkan ò wá kí i. Ẹjọ́ Ewúrẹ́ pàápàá kò sí mọ́. Bó bá jí ní ìdájí, yóò mú igi ìdáná kan, yóò dé ẹnu ọ̀nà, kó tó rántí pé iná ń bẹ nílé òun. Yóò dá igi náà padà. Ojoojúmọ́ ló ń mú un, ojoojúmọ́ ló ń dá a padà.

Lọ́jọ́ kan, kò dá a padà. Ó fò gun orí ògiri rẹ̀ pẹ̀lú igi náà, ó ní kí òun wo ìlú òun. Èéfín Ẹtù rèé. Èéfín Tòlótòló rèé. Èéfín Ewúrẹ́ rèé. Ó yíjú sí ìparí ìlú, níbi tí èéfín àkọ́kọ́ ti rú.

Kò rí nǹkan kan.

Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré débẹ̀.

"Àgò o!"

Kẹ́kẹ́ pa.

"Àgò o, Ìyá!"

Kẹ́kẹ́ pa.

"Ìyá, èmi ni, Àjàgbé ni!"

Ó fi àyà ti ìlẹ̀kùn. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ wà lórí ìtẹ́. Eérú funfun ló wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó la ẹnu láti pe Àjàgbé, "hẹ̀ẹ̀, hẹ̀ẹ̀" ló jáde. Ó tún la ẹnu. "Hẹ̀ẹ̀." Ó bá ń fi orí sọ ọ́. Ó gbé orí sókè, ó gbé e sílẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó gbé e sílẹ̀.

Àkùkọ sunkún. Ó ní, "Ìyá, ẹ dìde, ẹ lọ mumi. Èmi á jókòó ti ẹyin." Olórí Etí-Oko fẹ ìyẹ́ rẹ̀ tó ń dán, ó jókòó lórí ẹyin. Ìyá náà mu omi, ó pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tó padà, Àkùkọ mú igi rẹ̀, ó sáré dé ilé Ẹtù. Ó ní, "Igi kan, ògúnná kan."

Ẹtù ní, "Olórí, iná yín kú ni?"

"Ti Ìyá ló kú."

Àwo ọwọ́ Ẹtù jábọ́. "Yéè! Ohùn tí mo gbọ́ nìyẹn!"

Wọ́n tún dá iná Ìyá. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹyin yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló yọ ọmọ. Nílé wa, àwọn kan máa ń sọ pé méjì ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó pa á fún mi, ẹyọ kan ló wí. Ẹyọ kan ni èmi náà ń wí.

Àkùkọ pe ìlú jọ. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká wó ògiri."

Tòlótòló ní, "Kí Ewúrẹ́ tún dé ìdí ọkà mi?"

Ẹtù ní, "Ó dùn mí, àmọ́ ara mi ti mọ́ ọn."

Ewúrẹ́ pàápàá ní òun náà ti ń gbin ọkà.

Wọn ò wó o. Àkùkọ bẹ̀ wọ́n títí, ó sú u. Ó ní, "Bí ẹ ò bá ní wó o, ẹ máa dáhùn. N ó máa gun orí ògiri ní ìdájí, n ó máa pè yín. Ilé tí kò bá dáhùn, ibẹ̀ la ó lọ." Nígbà tó bímọ, ó fi ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan sí ojúlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa bá onílé dáhùn.

Ìdí nìyí tí àkùkọ fi ń kọ ní ìdájí. Bí ọ̀kan bá kọ ní ilé yìí, òmíràn á dá a lóhùn ní ilé tọ̀hún, òmíràn á tún dá a lóhùn lókèèrè, tí wọn ò sì rí ara wọn.

Ìdí nìyí tí ohùn pẹ́pẹ́yẹ fi ha títí dòní. Bó bá pàdé ẹ, orí ló fi ń kí ẹ, á gbé e sókè, á gbé e sílẹ̀. Ìkíni bẹ́ẹ̀ kì í fo ògiri. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, àfi kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi sọ̀ sí. Bí mo bá purọ́, kí àkùkọ ilé mi má kọ lọ́la. Bó bá sì kọ, ẹ jọ̀ọ́, kí tiyín dá a lóhùn.