Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ọṣẹ Ọdún Ìjẹsu

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ sùn kó lọ sùn. Àlọ́ tí mo fẹ́ pa yìí kì í ṣe ti olóorun.

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, kò yà nílé olówó, kò yà nílé ìjòyè, ó lọ kanlẹ̀kùn Ọ̀kẹ́rẹ́, ọkọ Àwẹ̀ró.

Ní ìlú àwọn ẹranko, Àwẹ̀ró ìyàwó Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń se ọṣẹ dúdú. Lọ́dọọdún, bí ọdún ìjẹsu bá kù díẹ̀, gbogbo ilé á kó èkùrọ́ wá fún un. Á fi èkùrọ́ náà ṣe àdín. Á sun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, á fi ajere, ìkòkò oníhò, sẹ́ omi eérú rẹ̀. Á wá da àdín àti omi eérú pọ̀ lórí iná, á máa rò ó títí yóò fi dì. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, ilé kọ̀ọ̀kan á gba ọṣẹ kan tí a fi ewé gbódógì dì. Ẹ̀bùn ọdún ni. Wọn kì í tà á.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó fi ọṣẹ tuntun wẹ̀, ọmọ tó kéré jù nílùú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fi wẹ̀, lójú gbogbo ayé. Àṣà wọn nìyẹn.

Ó wá di ọdún kan, Àwẹ̀ró kú. Òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí ọdún ìjẹsu ń bọ̀, Ẹfọ̀n, Baálẹ̀ ìlú náà, ránṣẹ́ pe Ọ̀kẹ́rẹ́.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ìwọ lo máa ń bá a koná. Ṣé o lè se ọṣẹ yìí?"

"Ẹ tún ń bi mí, Baálẹ̀? Ìkòkò àdín kan, ìkòkò omi eérú kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Bí àdín kò bá wá tó ńkọ́?"

"Ọṣẹ á máa bó ara. Mo mọ̀ ọ́n."

Wọ́n kó èkùrọ́ wá, agbọ̀n méje. Ètù ló mú tirẹ̀ wá kẹ́yìn. Ọdún mẹ́jọ ni Ètù fi wá ọmọ. Ọmọ tó wá bí yìí kò tíì pé oṣù kan, òun ló sì kéré jù nílùú.

Ètù ní, "Ọkọ Àwẹ̀ró, gba èyí. Gbogbo ohun tó kù nílé mi nìyẹn. Ọmọ mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ wẹ̀ o."

"Ìyá ìkókó, fọkàn balẹ̀."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí èkùrọ́ jẹ́ fún ọ̀kẹ́rẹ́. Ó jókòó ti agbọ̀n. Ó wò ó. Itọ́ kún un lẹ́nu.

Ó ní, "Ẹyọ kan kò lè ba ọṣẹ jẹ́." Kàù!

Ó ní, "Ẹyọ méjì kò lè ba ọṣẹ jẹ́." Kàù, kàù!

Ó ní, "Ẹ̀kúnwọ́ kan kò lè ba ọṣẹ jẹ́." Kàù, kàù, kàù!

Agbọ̀n kan tán. Ó fa èkejì. Ọ̀bọ ń kọjá lọ, ó yọjú.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, kí ló wú ọ lẹ́rẹ̀kẹ́ báyìí?"

"Eyín ló ń dùn mí."

"Háà! Eyín tèmi náà ti dùn mí rí, kò dún kàù kàù báyìí o." Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta, Ọ̀kẹ́rẹ́ dìde láti ṣiṣẹ́. Ó ká aṣọ lórí agbọ̀n. Mẹ́fà ti ṣófo. Agbọ̀n kan ṣoṣo ló kù. Àdín tó rí nínú rẹ̀ kò kọjá ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kí ló wá ṣe? Ó fi omi eérú dí àlàfo. Ó koná, ó mú omorogùn, ó bẹ̀rẹ̀ orin tí Àwẹ̀ró máa ń kọ. Ẹ bá mi gbè é:

Àdín dé inú ìkòkò—
*Rọra rò ó.*
Omi eérú tẹ̀ lé e—
*Rọra rò ó.*
Bí ọ̀kan bá ju ọ̀kan lọ—
*Rọra rò ó.*
Ara ọmọ ni yóò sọ—
*Rọra rò ó.*

Ọṣẹ dì. Ó dúdú, ó ń dán. Ọ̀kẹ́rẹ́ tọ́ díẹ̀, ó fi kan apá ara rẹ̀. Ṣìì! Irun ibẹ̀ re. Awọ ibẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná.

Ó ti mọ̀ báyìí. Ọjọ́ mẹ́ta ṣì wà níwájú. Ó lè tọ Baálẹ̀ lọ. Ó lè sọ pé, "Mo ti ṣe ohun tí kò dára." Kò lọ.

Ó ní, "Bóyá kò ní í ṣe nǹkan kan." Ó já ewé gbódógì, ó dì í. Ó dì í dáadáa.

Ilẹ̀ ọjọ́ ọdún mọ́. Gbogbo ìlú pé sí iwájú ilé Baálẹ̀. Ètù jókòó sórí àpótí, ọmọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, igbá omi wà níwájú rẹ̀. Ó tú ewé gbódógì, ó fi kànìnkànìn tútù bo ọṣẹ náà. Pátákò ni Ètù ní. Pátákò kì í mọ ohun tó ń jóni.

Àwọn obìnrin dá orin Àwẹ̀ró. Bí orin náà bá parí, ọṣẹ á kan ọmọ.

Àdín dé inú ìkòkò—
*Rọra rò ó.*

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò dìde. "Ẹ dúró! Omi yẹn ti tutù jù fún ìkókó!"

Ètù fi ètè kan omi. "Ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ọkọ Àwẹ̀ró. Jókòó."

Omi eérú tẹ̀ lé e—
*Rọra rò ó.*

"Ẹ dúró! Ọṣẹ yẹn kò tíì gbẹ. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la!"

Baálẹ̀ ní, "Ṣé ọ̀la ni ọdún?"

Bí ọ̀kan bá ju ọ̀kan lọ—
*Rọra rò ó.*

"Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi wẹ àgbàlagbà. Ẹ fi wẹ Ọ̀bọ!"

"Èmi kẹ̀?" ni Ọ̀bọ wí. "Mo ti wẹ̀ lọ́dún tó kọjá!"

Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òógùn ń kán lára rẹ̀, tó, tó, tó. Ètù gbójú sókè wò ó.

"Kí ló ń ṣe ọ́? Ọṣẹ ìyàwó rẹ ni mo fi wẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Ara mi dán títí oṣù fi lé."

Ọ̀kẹ́rẹ́ sún mọ́ àpótí Ètù.

Ara ọmọ ni yóò sọ—
*Rọra rò ó.*

Orin parí. Ètù gbé kànìnkànìn sókè. Ìfófòó ń kán láti ara rẹ̀. Ọmọ náà la ojú, ó ń wò ó. Ó ku ìwọ̀n ìka kan kó kàn án lórí.

Fìrì! Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ́ mọ́ ọn. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá ọṣẹ náà mú, kànìnkànìn àti ìfófòó, ó fún un mọ́ra, ó sáré lọ jù ú sínú igbó.

"Yéè! Ọwọ́ mi o!"

Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Gbogbo ìlú rí i. Kò sẹ́ni tó tún nílò kí wọ́n ṣàlàyé fún òun.

Ọ̀kẹ́rẹ́ kúnlẹ̀. "Mo jẹ ẹ́. Èkùrọ́ yín. Agbọ̀n mẹ́fà."

Baálẹ̀ bi í pé, "Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ọṣẹ yìí ń jóni?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí."

"Ọjọ́ mẹ́ta! O sì ń wò wá títí ọmọ fi dé etí omi?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ dojú bolẹ̀.

Lọ́dún náà, kò sí ilé tó gba ọṣẹ. Omi lásán ni wọ́n fi wẹ ọmọ Ètù. Ọwọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jó o, ó ń ké pé kí wọ́n bá òun wá àdín, àdín ló lè pa oró rẹ̀. Wọ́n wá a láti ilé dé ilé. Kò sí. Ta ló ṣẹ́ èkùrọ́ kù sílé?

Ètù nìkan ló ní díẹ̀ nínú ìkarahun ìgbín, èyí tó fi ń pa ọmọ rẹ̀ lára. Ó wo àdín náà. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó wá tọ́ díẹ̀, ó fi pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan.

"Èyí nítorí pé o fò."

"Ìkejì ńkọ́, ìyá ìkókó?"

"Ìkejì nítorí ọjọ́ mẹ́ta." Ó dé ìkarahun rẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó lọ sílé.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wá ń fi ọwọ́ tó ní àdín ra èyí tí kò ní. Ó ń rà á, ó ń rà á. Títí di òní, bí ẹ bá rí ọ̀kẹ́rẹ́ lórí igi, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Kò tíì ṣíwọ́.

Àlọ́ mi délé, ó sọ ẹrù kalẹ̀. Bí mo bá fi irọ́ kún un, kí eyín mi má lè pa èkùrọ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ohun tí gbogbo ìlú fi síkàáwọ́ ẹni kì í ṣe oúnjẹ ẹni. Bí a bá sì ti ṣe àṣìṣe, ẹ jẹ́ ká tètè sọ ọ́. Ẹni tó sọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, ìtìjú ni yóò rí. Ẹni tó bá dúró dọjọ́ kẹta, kó tó la ẹnu, ọmọ ọlọ́mọ ti wà létí omi.