Bí Adé Ṣe Kanlẹ̀ ní Ìgbádélẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ Ìgbádélẹ̀, ọmọ a-gbé-adé-má-sáré, ọmọ òkè tó dúró wo odò, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí a ṣe dé ibi tí a wà yìí. Ìlú mìíràn a máa sọ pé ogun ló lé àwọn wá, tàbí ìyàn, tàbí ìjà orogún. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan ló ṣí wa nídìí, ọkùnrin náà kò sì ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ó wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ ó ti lọ. Bí ẹni tó wà ṣe lè ti lọ, òun ló rú àwọn baba ńlá wa lójú, ó sì ń rú àwa náà lójú títí di òní. Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá bàbá mi ni n ó ṣe sọ ọ́. Ibi tí òun kò bá mọ̀, èmi náà kò ní ṣe bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n.

Ìyẹ̀pọ̀ ni a ti wá. Ọba tó wà níbẹ̀ nígbà náà ni Adéṣíyan, Àjàní,
Òkè tó gbé ìlú pọ̀n tí kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀,
Ọba tó pín iṣu tán tó gbàgbé ìpín tirẹ̀,
A-fi-ọ̀rọ̀-tútù-paná-ìjà.
Ó pẹ́ lórí oyè tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti kú tán, àfi Ọ̀dọ̀fin, tí í ṣe olórí àwọn ìjòyè. Ọmọ ọba pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ìtàn yìí mọ̀: Adélúsì, tí í ṣe àrẹ̀mọ, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Fadérera, tí bàbá rẹ̀ máa ń pè ní Àwẹ̀ró.

Bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ. Lọ́jọ́ kan, ọba béèrè nínú ìgbìmọ̀ pé, "Kí ló dé tí Balógun kò tíì dé?" Balógun ti kú, ọba fúnra rẹ̀ ló sì fi aṣọ ìkẹyìn bò ó. Àwọn ìjòyè rò pé àwàdà ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọba náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà náà ni Fadérera ti ń jókòó lẹ́yìn ìtẹ́, tí ó ń sọ orúkọ ẹni tó bá wọlé sí ọba létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Bàbá, Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ nìyí. Bàbá, ọmọ Ìyálóde nìyí." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fọgbọ́n tì í lẹ́yìn jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé. Ọba fún ìdílé Alágbẹ̀dẹ ní ilẹ̀ ẹ̀bá odò. Kí òjò ọdún náà tó dá, ó tún gbé ilẹ̀ kan náà fún ìdílé Apẹja, ó sì búra pé òun kò fún ẹnikẹ́ni rí. Àwọn méjèèjì pàdé lóko pẹ̀lú àdá. Ọ̀dọ́kùnrin kan kú, òmíràn kò ní apá ọ̀tún mọ́. Ta ni ìlú fẹ́ dá lẹ́bi? Alágbẹ̀dẹ kò purọ́, Apẹja kò purọ́. Ọba pàápàá, lọ́kàn tirẹ̀, kò purọ́. Nígbà tí àwọn aládùúgbò wa rán ikọ̀ wá nítorí ààlà, ọba gbà fún wọn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n padà wá dúpẹ́, ó ní kí wọ́n ti àwọn àjèjì náà jáde. Wọ́n jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń pọ́n ọ̀kọ̀.

Àwọn ìjòyè wá kó ara wọn jọ. Àṣà mọ ohun tí à ń ṣe fún ọba tó bá burú: ìlú á ṣí igbá sí i lójú, yóò mọ̀ pé wọ́n ti kọ òun, yóò sì sùn láìjí. Ṣùgbọ́n Adéṣíyan kò burú. Ọ̀dọ̀fin fọwọ́ lẹ́rán, ó ní, "Bí àìsàn bá ń ṣe ọba, à á ní ara ọba kò yá. Ara ọba yìí yá gágá. Kí ni ká ti wá pe èyí?" Kò sẹ́ni tó rí orúkọ fún un.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Fadérera. Wọ́n ní, "Ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Ṣé bàbá rẹ ṣì lè jọba?"

Fadérera ní, "Lánàá, ó pè mí ní ìyá rẹ̀. Lónìí, ó bi mí pé ọmọ ta ni mí. Bàbá mi wà nílé, ẹ̀yin bàbá. Ọba yín ni mi ò mọ ibi tó lọ."

Ó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó bú sẹ́kún. Títí ó fi kú ni ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òótọ́ ni òun sọ lọ́jọ́ náà, tàbí òun dalẹ̀ bàbá òun.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò lójú mọ́, wọ́n gun Òkè Agbọ́hùn lọ bá Yèyé Olókè, arúgbó tí òkè máa ń bá sọ̀rọ̀. Ó wọ inú ihò àpáta, ó pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó jáde, òógùn bò ó, ó ní:

"Ibi tí adé bá ti kanlẹ̀
Tí orí kò fọ́,
Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ ẹrù yín."

Ọ̀dọ̀fin ní, "Yèyé, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Arúgbó náà ní, "Bí ó ṣe bọ́ sí mi létí ni mo ṣe kó o fún yín. Bí ẹ bá mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ padà wá sọ fún mi."

Ẹ rántí pé èèwọ̀ ni kí adé kan ilẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fojú rí i kò ní rí ọdún. Nítorí náà àwọn kan ní òkè ń kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọba. Ọ̀dọ̀fin ní rárá, pé ohun tí òkè ń wí ni kí a gba adé láìpa ẹni tó dé e. Wọ́n jiyàn títí ó fi sú wọn. Ohùn Ọ̀dọ̀fin ló ròkè jù, nítorí náà tirẹ̀ ló di ìtumọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n tọ ọba lọ níbi tó ti ń ṣe fàájì lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀ adé ti ń já, pé àwọn fẹ́ lọ tún un sín. Ọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún wọn. "Ẹ ṣeun," ni ó wí. "Ẹ bá mi tún un ṣe dáadáa." Ìyá bàbá mi ní Ọ̀dọ̀fin kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé adé náà pamọ́, ẹ̀rù rẹ̀ bà wọ́n. Wọ́n ṣe tuntun, wọ́n sì fi Adélúsì jọba.

Ìlú rò pé ó parí. Òjò kan rọ̀, ó dá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, nígbà tí Adélúsì jókòó tí gbogbo ìlú pé sí iwájú ààfin, Adéṣíyan jáde láti inú ilé. Ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó rìn gbọnrangandan bí ó ṣe ń rìn látijọ́. Ó wo ìtẹ́, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Adélúsì, ọmọ mi," ni ó wí, "ṣé mo ti kú ni?"

Ó yíjú sí àwọn ìjòyè, ó ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ ẹni tó bí wọn àti ẹni tó fi wọ́n joyè. Kò ṣi ẹyọ kan. Ó ní, "Ilẹ̀ ẹ̀bá odò, Alágbẹ̀dẹ ni mo kọ́kọ́ fún. Èmi ni mo ṣì í ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn ń bẹ lọ́rùn mi." Ìyá ọmọ tó kú wà láàárín èrò, ó kígbe, ó wólẹ̀.

Adélúsì dìde dé ìdajì. Kò dúró, kò sì jókòó. Ọ̀dọ̀fin tẹ èjìká rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ọba kì í dìde fún ẹnikẹ́ni." Àwọn kan nínú ìlú dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, àwọn kan fún ọmọ. Àwọn mìíràn dọ̀bálẹ̀ sí àárín àwọn méjèèjì, wọn kò gbójú sókè. Nígbà tí oòrùn mú, iyè Adéṣíyan tún ra. Ó tọ́ka sí Adélúsì, ó bi Fadérera pé, "Ta ni ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó yẹn? Adé yẹ ẹ́." Ẹ wò ó: àwọn kan ní ọ̀rọ̀ yẹn fi hàn pé orí rẹ̀ ti dàrú, àwọn kan ní ó ti fi oyè sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, Ìyẹ̀pọ̀ kò mọ orí, kò mọ ìdí. Bí o bá gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ fún ọmọ, àwọn ti bàbá á pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀. Bí o bá gbé e fún bàbá, àwọn ti ọmọ á gbà á lọ́wọ́ rẹ lójú ọ̀nà. Ẹjọ́ tí a dá ní ìsàlẹ̀ kò ràn ní òkè. Tọkọtaya kò bá ara wọn jẹun. Wọ́n sun abà kan, wọ́n sun òmíràn dípò rẹ̀. Ẹni tí a bi pé, "Ti ta ni ọ́?" á kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó bi í.

Nígbà náà ni Adélúsì tọ àbúrò rẹ̀ wá. Kò dé adé, kò mú ẹmẹ̀wà tàbí ìránṣẹ́ kankan dání. Ó jókòó sórí ẹní.

Ó ní, "Àwẹ̀ró, gbé bàbá kúrò nílùú yìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ń lé wa ni?"

"Àwọn ìjòyè ti ń sọ pé ọba kì í pé méjì. O mọ ohun tí ìyẹn já sí. Mi ò lè dá wọn lẹ́kun."

"Ẹ̀yin kọ́ ni ọba ni?"

Adélúsì wo ilẹ̀. "Wọ́n ní èmi ni," ni ó wí. Ó tú ẹrù tó gbé dání. Adé bàbá wọn ni. "Gbé e dání. Tirẹ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ ni Fadérera kó bàbá rẹ̀ jáde ní Ìyẹ̀pọ̀. Àwọn tí kò gbà pé wọ́n gbọ́dọ̀ rọ ọba lóyè tẹ̀ lé e, wọ́n dé bàbá ní adé, wọ́n ń kókìkí rẹ̀ lọ nínú igbó. Ṣùgbọ́n bàbá kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà mìíràn ó rò pé oko ìyá òun ni. Nígbà mìíràn ó jókòó sójú ọ̀nà, ó ní kò sí ibi tí òun ń lọ mọ́ láìjẹ́ pé Balógun dé. Bí wọ́n bá bi í pé, "Kábíyèsí, ṣé ká tẹ̀dó síbí?" á ní bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ti ń pàgọ́, á bínú pé ta ló ní kí wọ́n dúró. Àárẹ̀ mú wọn. Àwọn kan yípadà, wọ́n ní ọba tí àwọn ń jà fún kò mọ̀ pé àwọn ń jà.

Wọ́n dé orí òkè kékeré tó kọjú sí odò Ẹlẹ́rẹ̀. Oòrùn mú púpọ̀. Bàbá jókòó sábẹ́ igi ìrá, ó nu ojú, ó ṣí adé kúrò lórí bí àgbẹ̀ tí í ṣí fìlà, ó sì gbé e kalẹ̀ sórí erùpẹ̀.

Igbe ta. Wọ́n dojú bolẹ̀, wọ́n ń retí ikú. Ìyá ń fi ara bo ọmọ. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ẹyẹ ń ké. Bàbá ní kí wọ́n fún òun lómi.

Fadérera ló kọ́kọ́ gbójú sókè. Ó rí adé lórí ilẹ̀, ó rí orí bàbá rẹ̀, kò fọ́. Ọ̀rọ̀ òkè sọ sí i lọ́kàn, ó ní kí wọ́n sọ ẹrù wọn kalẹ̀ síbẹ̀. Bàbá wò ó, ó tọ́ka sí adé.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí, bá mi gbé e. Ó wúwo."

"Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

"Mi ò mọ̀ ọ́," ni bàbá wí. "Ṣùgbọ́n o jọ ẹni tó lè gbé e."

Ẹ̀yin ọmọ mi, orí ọ̀rọ̀ yìí ni ìlú wa jókòó lé. Ṣé ọba ló yan àrólé ni, àbí arúgbó ló rẹ̀? Àwọn tó wà níbẹ̀ kò fẹnu kò, àwa náà kò sì tíì fẹnu kò. Fadérera kò dé e nígbà tí bàbá rẹ̀ wà láàyè. Ó ń gbé e lé orí itan, ó ń dá ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọba wa fi ń jẹ́ Agbádé, tí ìlú sì ń jẹ́ Ìgbádélẹ̀. Adéṣíyan gbin ilá sẹ́yìnkùlé, ó ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá, kò sì mọ̀ pé òun jọba rí. Orí ẹní ni ó ti kú, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

Ní Ìyẹ̀pọ̀, àwọn ìjòyè ti kọ́ bí a ṣe ń gba adé, ọwọ́ wọn kò sì dẹ̀ mọ́. Wọ́n rọ Adélúsì, wọ́n ní ó ń ronú jù. Wọ́n rọ ẹni tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kì í ronú. Nígbà tó yá, kò sí ọmọ ọba tó fẹ́ jókòó síbẹ̀ mọ́. Adélúsì sá wá bá àbúrò rẹ̀, Fadérera kò sì bi í pé kí ló ń wá. Ìdí nìyí tí ilé ọlọ́ba fi di méjì níbí: ilé Fadérera àti ilé Adélúsì.

Fadérera ló fi òfin lélẹ̀ kí ó tó dé adé. Lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, Agbádé á wá sí abẹ́ igi ìrá, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé adé kalẹ̀, á jókòó sórí erùpẹ̀ lójú gbogbo ìlú. Àwọn àgbà obìnrin á bi í ní orúkọ àwọn ìjòyè àti ẹjọ́ tó dá gbẹ̀yìn. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á gbé adé fún un. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á gbé e fún àrólé, wọ́n á bu omi fún ẹni tó fi adé sílẹ̀ mu, wọ́n á sì fún un lóko ilá. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ pè é ní ọba mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n bi Agbádé tó wà lórí oyè ní orúkọ Ọ̀tún rẹ̀. Ó dákẹ́. Ọ̀tún fúnra rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Agbádé wá dárúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì pé. Àwọn ìyá wo ara wọn. Èyí tí yóò gbé adé nínú wọn tẹ̀ ba, ó gbé e sókè, ó gbé e dé àárín ọ̀nà, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbé e fún Agbádé.