Ẹṣin Jínádù àti Àpáta Ọba

"Ọjọ́ tí ẹṣin bọ́ bàtà kọ́ ló ń gun àpáta." Ẹ̀yin tí ẹ ń pa á lójoojúmọ́, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀? Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́.

Ní ìlú Àpáta-Ọlá, bí wọ́n bá kírun Iléyá tán, àwọn ìdílé ológun a gun ẹṣin lọ sórí àpáta tó wà níwájú ààfin, wọn a kí ọba níbẹ̀. Ìdílé tí ẹṣin rẹ̀ kò bá dé orí àpáta, ẹ̀yìn ni yóò máa tò títí láé. Ìdílé Jínádù ló ń ṣíwájú láti ayé bàbá bàbá rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ipò náà bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹṣin rẹ̀, Arógunyọ̀, ti wọ bàtà irin títí ìṣó fi la pátákò rẹ̀. Jínádù bọ́ irin náà dànù. Ohun tó dára ló ṣe, ẹ má bá a wí lórí ìyẹn. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ náà gan-an ló gùn ún lọ dán àpáta wò. Kí wọ́n tó dé àárín, ẹṣin ti ń tiro. Kò pẹ́ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi kó ọyún, tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́. Ó dun Jínádù dé ọkàn.

Àwẹ̀ró, ìyá rẹ̀, wò ó títí. "Jínádù, ọjọ́ tí o kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ lásán bá mi lọ sóko, ta ló pọ̀n ọ́ wálé?"

"Ẹ̀yin náà ni, Ìyá mi."

"Lónìí ńkọ́? Ṣebí orí ẹ̀gún lò ń sáré. Jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹranko yìí náà mọ ilẹ̀."

Jínádù gbọ́. Ó ń fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀ ẹṣin náà títí ọyún fi dà jáde. Ó ń gé etí pátákò tó là, díẹ̀díẹ̀. Ó ń fà á rìn lórí iyanrìn etídò. Nígbà tí ìyẹn mọ́ ọn lára, ó fà á dórí òkúta wẹẹrẹ. Ẹsẹ̀ ń le, ṣùgbọ́n Iléyá kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ ọdún, àwọn ẹbí ní kí ó kan irin padà fún òní nìkan. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó so Arógunyọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àpáta, ó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán gun òkúta tí oòrùn ti yan. Ẹ̀rín sọ láàárín èrò.

"Jínádù, ẹṣin rẹ dà?" ni ọba bi í.

"Kábíyèsí, ó wà nísàlẹ̀. Ọjọ́ tí ẹṣin bọ́ bàtà kọ́ ló ń gun àpáta. Mo fi ẹsẹ̀ mi dúró fún un lónìí. Àmọ́dún, òun ni yóò gbé mi wá."

Ọba wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti bó. "Mo fi àyè yín sílẹ̀ di àmọ́dún. Bí kò bá wá, ẹ̀yìn lẹ wà."

Òjò rọ̀ láàárọ̀ Iléyá ọdún kejì. Àwọn ẹṣin oníbàtà irin ń yọ̀ lórí àpáta, ológun ńlá méjì sì fi agbádá nulẹ̀. Arógunyọ̀ rọra ń gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, títí ó fi dúró níwájú ọba. Jínádù dì mọ́ ọrùn rẹ̀, ó sunkún ayọ̀, kò sì tijú ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnìkan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohun tó ń gbé e ró sílẹ̀, tí ayé sì ń fẹ́ kí ó yege lójú ẹsẹ̀, òwe yìí ni àwọn àgbà fi ń bá a bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀lẹ bá fẹ́ fi bojú, wọn a bi í pé: "Iyanrìn etídò ńkọ́, ṣé o tilẹ̀ ti débẹ̀?"