Ohun Tó Wà Lábẹ́ Aṣọ Ọrùn

Ara Mórẹ́nikẹ́ aránṣọ ti di ẹrù fún un. Bí ó bá fẹ́ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ a ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ kò ga, síbẹ̀ yóò dúró láàárín rẹ̀, yóò ṣe bí ẹni tí ń wo ìta, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ pé èémí ló ń wá. Kò sí obìnrin kan ní ìlú Òkè-Àgbọn tí kò tíì fi téèpù wọn ìbàdí rẹ̀; ara tirẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ wọ̀n mọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ lójú ara rẹ̀: "Ìyá aránṣọ, èyí tẹ́ ẹ wọ̀ yìí, ṣé aṣọ ni àbí àgọ́?" Yóò bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá lọ tán, ẹ̀rín náà a di ẹ̀gún lọ́fun rẹ̀. Bí ẹni tẹ́ẹ́rẹ́ bá ń ṣàìsàn, wọn a ní kí Ọlọ́run wò ó sàn. Bí ẹni tí ó sanra bá ń ṣàìsàn, wọn a ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á. Ìdájọ́ ayé kò dọ́gba rárá.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ.
Aṣọ tí a fi bo egbò kò wo egbò sàn.
Ẹnu tí a fi gbé òtítọ́ pamọ́, òun náà la ó fi tú u sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ifá wí fún Mórẹ́nikẹ́ lọ́jọ́ tí ó ń wá ìfúyẹ́ ara, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Dúródọlá, àbúrò rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, ló kọ́kọ́ mú ìròyìn wá pé abẹ́rẹ́ kan ti dé tí wọ́n fi ń dín sísanra kù. Ẹni tí ó bá gbà á, ebi kì í pa á bíi ti tẹ́lẹ̀; díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ yóò máa wálẹ̀. Ó ní Ṣìsí Wúrà tí ń ṣe obìnrin lóge ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ lọ. Mórẹ́nikẹ́ rí ìgò kéékèèké tí kò ní orúkọ lára, nínú ike omi kan tí yìnyín inú rẹ̀ ti yọ́ tán.

Ó béèrè pé, "Ta ló ṣe oògùn yìí?"

Ṣìsí Wúrà ní, "Òyìnbó ni."

"Òyìnbó wo?"

"Ẹ̀yin aránṣọ! Ṣé ẹ máa ń bi òwú léèrè ìyá tó bí i kẹ́ ẹ tó rán an ni?"

Dúródọlá bú sẹ́rìn-ín. Mórẹ́nikẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo omi inú ike náà, bí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní òun yóò padà wá, ó sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Dókítà tí ó bá níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó ní òtítọ́ ni, abẹ́rẹ́ náà wà, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara ló gbà á. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ṣé ó lóyún, àbí ó ń gbèrò rẹ̀? Oògùn wo ló ń lò lọ́wọ́? Ṣé òkúta ti wà nínú òróòro rẹ̀ rí? Ṣé inú ti run ún títí dé ẹ̀yìn débi pé wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn? Ó wá bi í pé, "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín ti ní kókó ọrùn rí, irú èyí tó di jẹjẹrẹ?"

Mórẹ́nikẹ́ ní, "Rárá." Ẹnu rẹ̀ yá ju bí ó ti rò lọ.

Dókítà ṣàlàyé pé ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, pé èébì lè gbé e, pé àyè tútù tí kì í ṣe yìnyín ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ó ní bí ó bá ń lò ó, kó má fi ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ṣeré, nítorí ara kì í mọ̀ pé ọ̀rá nìkan ni a ní kó jó, a máa jó iṣan mọ́ ọn. Bí ó bá sì dá a dúró láìyí ìgbé-ayé rẹ̀ padà, sísanra náà lè padà wá. Ó ní, "Ẹ lọ rò ó, ìyá mi. Kò sẹ́ni tó ń lé yín."

Mórẹ́nikẹ́ ń lọ sílé, ara ń fu ú. Ẹnì kan kò bi í ní nǹkan kan. Ẹnì kejì bi í ní gbogbo nǹkan. Kí ló dé tí ẹni tó ní oògùn kò yára fún un? Àbí wọ́n fẹ́ fi pamọ́ fún aya olówó ni? Kí ló sì dé tí "rárá" tí òun sọ fi ń dun òun lẹ́nu bí egungun ẹja? Ní ìdílé ìyá rẹ̀, ohun tí yóò bá wọ ara ènìyàn kì í wọ̀ ọ́ láìbi Ifá. Ó mú ọ̀nà ilé Ìyánífá Fáṣọlá pọ̀n.

Nígbà tí Ifá ti fọhùn tán, Ìyánífá kó ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo rí ìfúyẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi aṣọ bo ọ̀nà tó gbà wá. Ifá ní kí o rúbọ."

"Kí ni ẹbọ náà, Ìyá?"

"Obì, ẹyẹlé funfun, àti aṣọ ọrùn tí ìyá rẹ fi sílẹ̀. Obì àti ẹyẹlé, kó wọn fún mi. Aṣọ ọrùn náà, gbé e tọ ẹni tí o kì í jẹun ilé rẹ̀ lọ. Tú u sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí o bi í ní ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Má tíì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kankan kàn ọ́ títí yóò fi dá ọ lóhùn."

Mórẹ́nikẹ́ mọ ẹni náà. Ẹnì kan ṣoṣo ni òun kì í jẹun ilé rẹ̀ láyé yìí: Abọ́sẹ̀dé, ẹ̀gbọ́n ìyá òun. Gbogbo Òkè-Àgbọn ló mọ̀ pé ilé Abọ́sẹ̀dé ni ìyá òun ti jẹ oúnjẹ ìkẹyìn, tí ó sì kú. Àjẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá àgbà náà.

Ó ní, "Ìyá, ta ló ti wá bá yín sọ̀rọ̀ ṣáájú mi?"

"Ìwọ nìkan ni mo rí."

"Ẹni yẹn ló pa ìyá mi."

"Ifá kò ní ó pa á. Ifá ní kí o bi í."

"Bó bá wá pa èmi náà ńkọ́?"

"Ọmọ mi, ìbéèrè ni mo ní kí o gbé lọ. N kò ní kí o gbé abọ́ dání." Ìyánífá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ sì tún le. "N kì í ṣe dókítà, n kò mọ ohun tó wà nínú ìgò. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tí ó ní òun kò ní àrùn nílé, tí kò sì bi ará ilé, kò tíì dáhùn."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Mórẹ́nikẹ́, nítorí kò sọ ìbéèrè dókítà fún Ìyánífá.

Ó lọ bá Dúródọlá pé kí àwọn méjèèjì jọ rúbọ náà, nítorí ìyá kan ló bí wọn. Dúródọlá pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun! Abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ gbà, ọ̀dọ̀ àjẹ́ lẹ ń lọ gbàṣẹ. Tó bá ní kẹ́ ẹ má gbà á ńkọ́? Ẹ ó máa gbé ara kiri. Èmi ò ní aṣọ ọrùn kankan í tú." Ọ̀sán ọjọ́ náà ló na apá sí Ṣìsí Wúrà. Nígbà tí kò sì rí ìyàtọ̀ kíákíá, ó ní kí wọ́n fi kún un. Ṣìsí Wúrà kò bi í ní nǹkan kan. Ó fi kún un.

Mórẹ́nikẹ́ kó obì àti ẹyẹlé fún Ìyánífá, ó sì ṣí àpótí ìyá rẹ̀. Aṣọ ọrùn náà wà nísàlẹ̀, aláró tí ó ti ṣá. Ìyá rẹ̀ kì í bọ́ ọ; ìyá ìyá rẹ̀ náà kì í jáde láìwé irú rẹ̀. Lábẹ́ aṣọ náà, bùbá ọlọ́rùn gíga ni ìyá rẹ̀ ń wọ̀, Mórẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ ló sì ń rán wọn nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́.

Ó bá Abọ́sẹ̀dé ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ó ti ń tú ẹ̀kuru kúrò nínú ewé. Kò sí ẹni tí yóò jẹ ẹ́. Ìyá àgbà náà a máa sè é bí ẹni tí ń retí àlejò, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, adìẹ ni yóò dà á sí. Mórẹ́nikẹ́ dúró lókèèrè, ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, kò súnmọ́ ọn. Ó tú aṣọ náà sílẹ̀.

"Màmá, wọ́n ní kí n bi yín ní ohun tó wà lábẹ́ èyí."

Ọwọ́ Abọ́sẹ̀dé dúró lórí ewé. "Ta ló rán ọ?"

"Ifá ni."

"Ó ti pẹ́ jù kó tó rán ọ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ìwọ lo rán àwọn bùbá ọlọ́rùn gíga yẹn, àbí?"

"Èmi ni."

"O ò bi í ní ìdí rẹ̀?"

"Wọ́n ní òtútù ń mú àwọn."

"Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, Mórẹ́nikẹ́?"

Mórẹ́nikẹ́ wo aṣọ tó wà nílẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ní, "Kókó ni. Ó bẹ̀rẹ̀ bí èso kékeré, ó le, ó gba ọrùn, ó pa ohùn rẹ̀ rẹ́. Ohun tó pa ìyá tiwa nìyẹn. Ohun tó pa ìyá yín nìyẹn. Ilé ìwòsàn pè é ní jẹjẹrẹ, wọ́n ní a máa ń tọ ìran lẹ́yìn."

"Wọ́n ní oúnjẹ yín ni."

"Ọ̀fun rẹ̀ kò gba oúnjẹ mọ́ nígbà náà. Ẹ̀kọ mímu ni mo ń fi ṣíbí bu sí i lẹ́nu." Ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Òun ló dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀ pé kí n má sọ. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n: bí ọkọ bá fẹ́ wá, wọn a wádìí àrùn ilé ìyàwó. Bí wọ́n bá ní àrùn ló pa á, wọn kò ní fẹ́ ẹ̀yin méjèèjì. Bí wọ́n bá ní èmi ni, èmi nìkan ni wọn kò ní fẹ́."

Mórẹ́nikẹ́ kò gbà á lẹ́sẹ̀ kan náà. Àjẹ́ mọ irọ́ pa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gbé aṣọ náà sókè láti wá àléébù nínú ọ̀rọ̀ ìyá àgbà náà. Nígbà náà ni téèpù tirẹ̀ jẹ́rìí lòdì sí i. Ó rántí pé ní gbogbo ìgbà tí òun bá ń rán bùbá fún ìyá òun lọ́dún ìkẹyìn yẹn, òun a máa gé èjìká kù, òun a máa gé apá kù, nítorí ó ń rù. Ọrùn nìkan ni òun ń fẹ̀ sí i. Ọwọ́ òun ti mọ̀ ọ́n. Òun ni kò bi ọwọ́ òun léèrè.

Ó fi orí balẹ̀, ó sì sunkún.

Kò dúró kí ojú rẹ̀ gbẹ kó tó lọ bá dókítà. Ó ní, "Mo sọ pé rárá níjọ́sí. Ẹ bá mi pa á rẹ́." Nígbà tí ó ròyìn tán, dókítà ní abẹ́rẹ́ yẹn kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tí irú kókó bẹ́ẹ̀ bá wà ní ìran rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Wọ́n yẹ ọrùn rẹ̀ wò, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kókó kan wà níbẹ̀, kékeré bí hóró ọkà bàbà, tí kò tíì tàn kálẹ̀. Wọ́n yọ ọ́. Dókítà sì fi ọ̀nà mìíràn hàn án tí ara fi ń fúyẹ́, ọ̀nà tí kò yá, tí ó ní ìrìn òwúrọ̀ àti àwo kékeré nínú.

Wọ́n gbé Dúródọlá dé ilé ìwòsàn kan náà. Èébì ti gbẹ gbogbo omi ara rẹ̀; kò lè gbé orí. Bí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ni wọ́n rí kókó ọrùn tirẹ̀, ó sì ti tóbi ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Dókítà kò purọ́. Ó ní òun kò lè sọ pé abẹ́rẹ́ ló bí i, òun kò sì lè sọ ohun tó wà nínú ìgò tí kò lórúkọ. Ohun tí òun mọ̀ ni pé ẹni tó gún un kò bi í ní ìbéèrè kan. Nígbà tí wọ́n lọ wá Ṣìsí Wúrà, ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Bí Dúródọlá ti ń gba ìtọ́jú gígùn, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó fi ohùn tí ó ti há sọ pé, "Ẹ pè mí sí ẹbọ náà, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fi yín ṣẹ̀sín." Mórẹ́nikẹ́ kò bá a wí. Ó jókòó tì í.

Ẹbọ kò tíì pé lójú Mórẹ́nikẹ́. Ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí ìlú ti pé, ó lọ jókòó sí iwájú ilé Abọ́sẹ̀dé tó dojú kọ ọjà. Ó bọ́ aṣọ kúrò lọ́rùn kí gbogbo ènìyàn lè rí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Ó sọ ohun tó pa ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ sókè, ó pe orúkọ àìsàn náà. Obìnrin kan ní, "Ṣé o fẹ́ ba ọjà ọmọbìnrin ilé yín jẹ́ ni?" Ó dá a lóhùn pé, "Ẹni tí kò bá lè fẹ́ wa pẹ̀lú òtítọ́, kó máa lọ. A ti fi orúkọ ìyá kan ra ọkọ rí. Owó náà pọ̀ jù."

Ẹni tí ó rúbọ ìbéèrè ni ara rẹ̀ rọ̀. Ẹni tí ó fi ìbéèrè ṣẹ̀sín ló ń fi ọwọ́ nu ojú. Mórẹ́nikẹ́ kò di tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gun àtẹ̀gùn rẹ̀ láìdúró wo ìta. Lọ́jọ́ náà, lójú gbogbo ọjà, ó na ọwọ́ sí àwo Abọ́sẹ̀dé, ó bu ẹ̀kuru, ó sì jẹ ẹ́. Àwọn ènìyàn ń wò ó bóyá yóò ṣubú. Ó tún bu òmíràn. Ìyá àgbà náà ń wo ẹnu rẹ̀ bí ó ti ń jẹ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú, àwọn adìẹ wá sí ẹ̀yìnkùlé, wọn kò rí nǹkan kan.