Ààrò Ẹlẹ́nu Mẹ́fà Tí Ìjàpá Fẹ́ Tà fún Òkété

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra, kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé, ẹnu ààrò ló bà sí. Kí ló ń gbé ilé rẹ̀ kiri, tí ògiri ilé náà ní ojú agbọ̀n?

— A ò mọ̀ ọ́n o!

Ẹ óò mọ̀ ọ́n kí ẹ̀wà tó jinná.

Ní ayé àtijọ́, ẹ̀yìn Ìjàpá rọ̀, ó sì ń dán bí ewé kókò. Òkété ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Opó ni, ọmọ rẹ̀ pọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dùn nídìí oúnjẹ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọba pàṣẹ pé kí gbogbo ẹranko jáde yẹ ọ̀nà odò, ó sì ní Òkété ni kí ó máa se oúnjẹ wọn. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, ọba a máa fún un ní iṣu tí yóò jẹ títí òjò yóò fi rọ̀.

Inú Òkété dùn, àyà rẹ̀ sì já. Ìkòkò kan péré ni ààrò rẹ̀ ń gbà. Ọ̀kẹ́ ẹ̀kùrọ́ kan ṣoṣo ló sì kù nínú ihò rẹ̀ tó lè fi ra òmíràn. Bí ó bá ra èyí tí kò dára, ẹ̀kùrọ́ lọ, iṣu ọba lọ, àwọn ọmọ yóò sì máa wo ojú rẹ̀.

Ó tọ Ikán lọ, ẹni tó ń fi amọ̀ mọ ààrò.

"Ikán, ààrò ẹlẹ́nu mẹ́fà ni mo fẹ́, ọ̀kẹ́ ẹ̀kùrọ́ kan ni mo sì ní."

"Ìyá àwọn ọmọ, agbára ọ̀kẹ́ kan kò ká ẹlẹ́nu mẹ́fà. Ẹlẹ́nu mẹ́ta ló mọ."

"Ẹlẹ́nu mẹ́ta kẹ̀! Ṣé o mọ bí ikùn Erin ṣe tó?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n amọ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Òkété yíjú wo ààrò ẹlẹ́nu mẹ́ta náà. Ó wúwo, ó rí hángahànga, kò wu ojú. Ó mí kanlẹ̀, ó sì ń lọ sílé.

Ìjàpá ti fara pamọ́ sẹ́yìn igi, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sáré délé.

"Yánníbo, aya mi, ẹ̀kùrọ́ ń bọ̀!"

"Láti ibo?"

"Láti inú agbọ̀n."

Ó mú agbọ̀n ògbólógbòó tí Yánníbo fi ń ru iṣu, ó dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ, ó dá ẹnu mẹ́fà sí i. Ó fi osùn àti epo pa á lára títí ó fi ń kọ mànà bí ìyàwó tuntun.

Yánníbo fọwọ́ tì í díẹ̀, ó mì. "Ọkọ mi, èyí kò lè gbé ìkòkò ró."

"Ta ló ní òun ni yóò gbé e ró? Inú rẹ̀ ni n ó wà, ẹ̀yìn mi ni yóò gbé e. Omi á hó, ẹ̀kùrọ́ á dé, n ó sì gba ẹ̀yìn yọ. Bó bá wó lọ́la, Òkété ni kò mọ̀ ọ́n lò!"

Ẹ má gbàgbé pé àṣà kan wà ní ìlú náà. Ẹni tó ra ààrò kì í san nǹkan kan títí ohun tó kọ́kọ́ gbé ka orí rẹ̀ yóò fi jinná. Omi lásán ni ọ̀pọ̀ olùrà máa ń gbé kaná, nítorí pé kì í pẹ́. Ohun tí Ìjàpá gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn.

Nígbà tí Òkété gbọ́ pé ọ̀kẹ́ kan péré ni wọ́n ń ta ẹlẹ́nu mẹ́fà nílé Ìjàpá, ó wá wò ó. Ó yí i ká, ó tún yí i ká. Ó wù ú débi pé itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé, "Èyí tó wuni báyìí, rọra."

"Ìyàwó, ọkọ rẹ dà?"

"Ó wà nítòsí ju bí ẹ ṣe rò lọ, ìyá," ni Yánníbo dáhùn.

Òkété gbé ìkòkò ka orí ààrò. Ó bu omi sí i. Lẹ́yìn náà ló tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó da ẹ̀wà sínú omi.

Yánníbo fò sókè. "Ẹ̀wà kẹ̀? Omi ni wọ́n máa ń sè!"

"Ẹni tó ń yẹ ọ̀nà kì í jẹ omi, ìyàwó. Bá mi kó igi wá."

Iná ràn. Láìpẹ́, ààrò bẹ̀rẹ̀ sí í kérora.

"Kí ló ń kùn nínú ibẹ̀?" ni Òkété béèrè.

"Bí ààrò ńlá ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Òkété tún ti igi sí i. Ìgbà yìí ni ààrò bú sórin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é:

*Ẹ̀wà, ẹ̀wà, tètè rọ̀ —*
*Jinná, jinná o!*
*Ẹ̀yìn mi kì í ṣe irin —*
*Jinná, jinná o!*
*Yánníbo, yọ igi kúrò —*
*Jinná, jinná o!*

"Ó ti jinná!" ni Yánníbo kígbe.

Òkété mú hóró kan, ó gé e jẹ. "Ó ṣì le." Ó tún ti igi sí i.

Ìjàpá kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ààrò náà dìde! Ó hu ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó gbé ìkòkò rù, ó sì forí lé ọ̀nà odò. Òkété gbá tẹ̀lé e.

"Olè! Gbé ìkòkò mi sílẹ̀!"

"Ẹ bá mi sọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, mo ń jóná!"

Òkété dá ohùn mọ̀. Ó lé e bá létí odò, ó fi aṣọ di ìkòkò mú, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀wà kan kò dànù. Ìjàpá bẹ́ sódò, omi dún ṣììì.

Òkété jókòó sílẹ̀ gbì. Ó rántí ọ̀kẹ́ ẹ̀kùrọ́ rẹ̀ tó ṣì wà nínú ihò, ní dídì bó ṣe dì í. Ó mí sókè, ó mí sílẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ru ẹ̀wà rẹ̀ lọ bá Ikán, orí ààrò ẹlẹ́nu mẹ́ta ló sì ti jinná. Ó kó ẹ̀kùrọ́ lé Ikán lọ́wọ́ tayọ̀tayọ̀. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀nà, àwọn kékeré kọ́kọ́ jẹ tiwọn, wọ́n padà sídìí iṣẹ́, Erin àti àwọn àgbà sì wá jẹ tiwọn. Oúnjẹ kò pẹ́, ẹnikẹ́ni kò ráhùn. Iṣu ọba kún ihò Òkété títí òjò fi rọ̀.

Ìjàpá ńkọ́? Nígbà tó jáde lódò, iná ti sun amọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, ó le bí ìkòkò. Ojú agbọ̀n Yánníbo sì ti tẹ̀ sí i lára, kò ṣeé fọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀yìn Ìjàpá fi le, tó sì rí jágajàga títí dòní.

Iná àlọ́ mi kú síbí. Bí mo bá bu iyọ̀ sí i jù, kí ahọ́n mi so kọ́. Bí ó bá sì dọ́gba, kí ẹ̀yin ọmọ ṣe hìn-ín!

— Hìn-ín!